Bọ́tìnnì

Aago méjì òru. Fóònù gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí mi:
Bàbá ti jáde.
Mo rán ẹ̀rọ náà mọ́ ìṣẹ́tí bùbá rẹ̀
lọ́jọ́ Àìkú. Bọ́tìnnì ló pè é.

Àmì búlúù ń sọ̀ kalẹ̀ láti Sápọ́n.
Ó dé orí afárá Odò Ògùn, ó dúró.
Èmi náà dúró, bàtà kan lẹ́sẹ̀.
Ìgbà tó tún gbéra ni mo tó mí kanlẹ̀.

Ní tẹ́ṣàn Láfẹ́ńwá, gèlè ìyá mi aláwọ̀ ewé
wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí àsíá.
"Madáàmù, tíkẹ́ẹ̀tì dà?"

Fóònù mọ ibi tó wà.
Kò mọ ọdún tó wà.

Mo na àtẹ́lẹwọ́ òfìfo sí i.
Ó fi èékánná lu ihò sí i:
"Ẹ wọlé. Ó ti fẹ́ ṣí."