Orúkọ Tí Kò Wọ Bàtà

Ìwé ìrìnnà mi dé láti Òkè Mosàn lọ́jọ́ Ẹtì.
Abẹ́ igi dóńgóyárò ni mo ti ṣí i.
Mo rí ojú mi, etí méjèèjì síta
bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹ́rìí.
Lẹ́yìn náà ni mo rí orúkọ mi.
SOWEMIMO FEYINTOLA.
Wọ́n ti ṣí fìlà lórí rẹ̀,
wọ́n ti bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ìhòòhò ló dúró sórí ìlà
bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀n ní ọsibítù.

Ìlú òtútù sì ni mò ń lọ.

Oṣù márùn-ún péré ni.
Wọ́n á rán ọmọ wọn kan wá sí Alábàtà,
Alábàtà á rán èmi lọ. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ni:
èyí tó ń mu omi, èyí tó ń lé omi dànù.
Màmá mi ò gbọ́ ju "Pólándì" lọ.
Ó ní, "Ṣé wọ́n ń ta ata níbẹ̀?"
Mo ní mi ò mọ̀.
Ó dìde, ó lọ lọ ata gbígbẹ, ìgò mẹ́ta.

Kílò mẹ́tàlélógún ni ọkọ̀ òfuurufú fún mi.
Bàbá mi gbé báàgì lọ sọ́dọ̀ Músílíù
tó ń ra irin àlòkù lẹ́bàá rélùwéè Láfẹ́nwá.
Wọ́n fi ìwọ̀ kọ́ ọ sókè bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti kú.
Méjìdínlọ́gbọ̀n.
Músílíù ní, "Bó bá jẹ́ irin ni, ǹ bá ti sanwó."
A tú u sẹ́bàá ọ̀nà. A yọ gààrí. A yọ ìgò ata kan.
A yọ ilẹ̀ oko ìdánwò tí mo dì sínú ọ̀rá:
òfin wọn ò gbà kí ilẹ̀ ẹlòmíì wọlé.
Mo dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
ó pọ́n ju irin tó dípẹtà lọ.
Bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Ó ń fa síìpù,
ó ń ṣí i, ó tún ń fà á,
bí ẹni tó ń wò ó bóyá ilẹ̀kùn náà máa ń ṣí padà.

Aṣọ òtútù, òkìrìkà Kútọ̀ ni.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ló pè é, ó já sí méje.
Ó wúwo bí ewúrẹ́ tó ń sùn.
Mo wọ̀ ọ́ ní yàrá wa ní Ìtòkò, iná ò sí, ooru ń mú,
Jọláadé àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Mo ki ọwọ́ bọ àpò inú.
Tíkẹ́ẹ̀tì kan. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ó ti rọ̀ bí aṣọ.
Mo tan iná fóònù sí i.
Lẹ́tà kan ní ìrù nísàlẹ̀,
òmíràn ní àmì lórí, bí ohùn òkè tiwa gan-an,
ọ̀kan tiẹ̀ fi igi dábùú àyà.
Èdè tí mo ti ń kọ́ láti oṣù mẹ́ta ni,
tí mi ò tíì lè fi ra búrẹ́dì.

Àṣé àwọn náà ń wọ bàtà fún lẹ́tà.
Àṣé wọ́n mọ̀ pé òtútù máa ń mú ọ̀rọ̀.

Mo dá tíkẹ́ẹ̀tì padà sínú àpò.
Aṣọ yìí ló ń relé, èmi ni mò ń sìn ín lọ.
Mo mú bírò, mo kọ ara mi sára báàgì,
Ṣówẹ̀mímọ́ Fẹ̀yìntọlá,
àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, mi ò dá ọ̀kan sí.

Àmọ́ ìwé ìrìnnà ni wọ́n máa kà ní pápákọ̀.
Ẹni tó fẹ̀yìn ti ọlá, lẹ́nu wọn,
lè di ẹni tó fẹ̀yìn ti ọ̀la.
Mo ti rò ó títí.
Mi ò tíì mọ̀ bóyá àṣìṣe ni.