Ẹja Tí Kò Rí Iná

Òjò ń kan fèrèsé ní Grimsby
bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.
Mo gbé ẹja túnà sórí pátákó,
ó pupa bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.
Ọ̀sẹ̀ kan ló fi wà nínú yìnyín
kí aràn tó bá wà níbẹ̀ sùn, má jìí mọ́.

Nohea ará Hawaii ló kọ́ mi,
àwa tí a jọ ń ṣa egungun ẹja níṣẹ́ òru.
“Má gé e bí ẹni ń bínú,” ó ní,
“gé e bí ẹni ń gé èékánná ọmọ.”

Àlùbọ́sà eléwé. Atalẹ̀ díẹ̀.
Omi sóyà, dúdú bí àárọ̀ oṣù Kejìlá níbí.
Òróró yànmọ̀tí.
Mi ò rí ewé òkun rà, mo fi ata rodo dípò rẹ̀;
kí Nohea foríjì mí.

Màmá pè, ó rí abọ́ náà lójú fóònù:
“Ṣùbúọlá, ṣé gáàsì tán nílùú Ọba ni?”
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
“Màmá, iyọ̀ ló sè é.”

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀.
“Bàbá yín náà,” ó ní, “nígbà tó ń pẹja l'Ẹ̀pẹ́,
a máa jẹ ẹyọ kan ní tútù nínú ọkọ̀,
bó bá ti rò pé ẹnikẹ́ni ò rí òun.”

Ogójì ọdún, mi ò gbọ́ èyí rí.
Mo fọwọ́ mú ẹyọ kan nínú abọ́.
Mo kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.