Ìlà Ọwọ́ Àríyìbí

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà dé, orí fóònù ló gbà wọlé.
Iná ò sí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ la fi rí ojú ara wa.
Wọ́n ní Àríyìbí làwọn fẹ́,
wọ́n ní ọwọ́ tó mọ oko làwọn fẹ́,
oṣù mẹ́fà péré, kó wá bá wọn ká èso pupa kékeré kan
tí a ò tíì sọ lórúkọ ní Ìgbẹmọ.
Ọ̀gá oko ti dúró fún un lọ́dọ̀ ìjọba wọn.
Nọ́ḿbà kan wà nísàlẹ̀, ó gùn ju ti fóònù lọ,
Àríyìbí há a sórí kílẹ̀ tó mọ́.

Èmi ni mo ka ìyókù, èmi ni mo kàwé jù.
Kò gbọdọ̀ mú ìyàwó dání. Kò gbọdọ̀ mú ọmọ.
Kò gbọdọ̀ kúrò ní oko yìí bọ́ sí oko mìíràn.
Bí oṣù kẹfà bá ti pé, kó máa bọ̀ nílé.
Mo ka ti ìyàwó yẹn lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ní, "Ó dáa," mo lọ bu omi.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá wa lówó, èmi ni mo ṣe onídùúró.
Ìbuwọ́lù ò tó wọn, àtàǹpàkò ni wọ́n fẹ́.
Mo tì í bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ síwèé,
ìlà rẹ̀ hàn ketekete bí ebè tuntun.
Fámúrewà akọ̀wé yìn ín.

Àyẹ̀wò ikọ́ ife ló tẹ̀ lé e,
lẹ́yìn náà Èkó, ọ́fíìsì tó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́,
níbi tí ọmọdébìnrin kan ti ní kó gbé ìka mẹ́rin lé gíláàsì.
Iná pupa.
Ó ní kó nu ọwọ́. Iná pupa.
Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àríyìbí tẹ̀ ẹ́
bí ẹni tó ń dí ihò eku. Iná pupa.
"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"
"Ìrẹsì ni mò ń gbìn."
"Ẹ ò ní ìlà lọ́wọ́ mọ́."

Ọkọ́ ti ha á lọ.
Ogún ọdún tó ti ń di igi ọkọ́ mú,
tó ń fa koríko etí àbàtà, tó ń gbé àpò,
ìka rẹ̀ ti dán bí òkúta inú odò.
Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè é
ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n ní, kó má fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan.
Ìyá rẹ̀, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín:
"Ọmọ mi mà dọba!"
Alaalẹ́ ni mò ń fi òrí pa á lọ́wọ́,
ìka kan, ìka kan,
màá wá fi àkísà mímọ́ wé e.
Ìbídùn ń bu oúnjẹ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu,
ó ń pè é ní ọmọ jòjòló.
Ọdún mọ́kànlá tí a ti fẹ́ra,
n kò di ọwọ́ yẹn mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi ni mo gbé ọkọ́ lọ sóko.
Òjò kì í dúró de fíísà.

Nígbà tó padà lọ, ẹ̀rọ gba ìka mẹ́jọ.
Wọ́n ní mẹ́jọ tó.

Ó ti di oṣù kẹrin báyìí. Ó pè lánàá.
Ó ní abẹ́ ọ̀rá fífẹ̀ ni wọ́n ti ń ká èso ọ̀hún,
pé wọ́n ń yọ owó ibùsùn nínú owó iṣẹ́,
pé kí n mú ti ọ̀sẹ̀ yìí fún alájẹṣẹ́kù.
Ó ní ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ń wọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́
kí èso má baà bó.
Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́:
"Ìyá Ìbídùn, ìlà ọwọ́ mi ti hù padà!"

Mo ní mo dúpẹ́.
Mo gbé fóònù sí etí kejì,
mo na ọwọ́ mi sábẹ́ àtùpà.
Àtàǹpàkò tí Fámúrewà yìn
ti ń dán.
Mo bi í bóyá ó ti jẹun.