Góta

Góta là ń pe ẹ̀kán omi ní Quibdó,
níbi tí òjò kì í ti í dágbére kó tó padà.
Góta náà là ń pe àrùn
tó wọ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Nazario, ọkọ ìyá àgbà mi,
tó pọ́n bí ata, tí aṣọ ìbora pàápàá kò gbọdọ̀ fara kàn án.
Mo bi í nígbà tí mo kéré:
ṣé omi ló ń kán sínú ẹsẹ̀ yín ni, Bàbá?
Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Omi gbígbóná. Lọ ṣeré."

Ọdún tí páànù orí ilé wa lu
ni Hermelinda lọ yá owó góta-a-góta,
owó tí à ń san ní ẹ̀kán-ẹ̀kán lójoojúmọ́
títí ìkòkò fi gbẹ, tí gbèsè ṣì kún.
Ọmọkùnrin kan a máa gun alùpùpù wá ní agogo mẹ́rin,
àṣíborí lórí, ìwé kékeré lápò àyà.
Kì í pariwo.
Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ṣe ṣọ́ọ̀bù Fidelino.

Páànù mẹ́fà lowó náà rà.
Ihò keje ló ṣẹ́kù.

Ọjọ́ kan, òjò ká a mọ́ ọ̀dọ̀ wa.
Ó jókòó, ó ṣí ìwé,
kán! ihò keje sọ tirẹ̀
sórí orúkọ ìyá àgbà mi gan-an.
Yíǹkì tú, ó ń ṣàn bí odò Atrato.
Ọkàn mi fò sókè: gbèsè ti wẹ̀ lọ!
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún,
ó ka iye owó náà lórí, pésò kan kò yẹ̀.

Hermelinda gbé kọfí síwájú rẹ̀,
ó wò ó lójú títí.
"Ìwọ àti Eladio, ẹ̀kán omi méjì ni yín.
Ọwọ́ mi yìí ló gba bàbá rẹ sáyé,
lóru, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò;
mò ń fi ọwọ́ kan gbọ́n omi,
mò ń fi ìkejì di orí rẹ̀ mú."

Bí nǹkan bá tán pátápátá,
"kò ku góta" la máa ń wí.
Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọkùnrin náà kò ku góta.
Ó ṣí àṣíborí rẹ̀,
ó dojú rẹ̀ sókè,
ó gbé e sábẹ́ ihò keje.

A jọ ń gbọ́ ọ: kán. Kán.
Nazario rẹ́rìn-ín láti orí bẹ́ẹ̀dì:
"Èyí ò kúkú dun ẹnì kankan."

Nígbà tí òjò dá, ó da omi náà sídìí ọsàn,
ó dé àṣíborí tútù.
Lọ́la, agogo mẹ́rin, yóò dé.