Àmì Omi Lára Òpó

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin, mo ti ọ́fíìsì,
mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Kẹ́ṣinrọ́ lọ́wọ́.
Gọ́tà Àbígí ṣì wà nílẹ̀, yóò dúró de ọjọ́ Ajé.
Mo wọ mọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde, ìwé lórí itan:
ẹ̀kọ́ odò àti etí òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún,
alẹ́ Ẹtì àti gbogbo Àbámẹ́ta,
fún àwa tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn kí ìwé tó dé.

Mẹ́tàlá ni wá.
Ọ̀kan ń fa yanrìn nínú ọ̀sà,
ọ̀kan kọ́ afárá tí omi gbé lọ, kò sì fi pamọ́;
ó ní, "Ìtìjú ló mú mi wá."
Èmi ni mo dàgbà jù, ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta,
mo ń na ìwé jìnnà sójú kí n tó rí lẹ́tà.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi ní Ìwòpin,
ó yọ ọwọ́ kúrò nínú agbọ̀n edé,
ó wò mí títí.
"Owó lo san kí wọ́n tó kọ́ ọmọ apẹja lómi?"
Mo ní, "Màámi, omi tí ẹ mọ̀ kọ́.
Èyí tí ń jẹ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí ikán ni."
Ó ní ọ̀kan náà ni.
Kò purọ́.

Dókítà Ọ̀ṣínúbi kì í pariwo.
Ó da yanrìn sínú àpótí onígíláàsì, ó ṣí omi sí i,
ó ní ká wò ó, ká má sọ̀rọ̀.
Omi yà síbi tó wù ú,
ó gbẹ́ ìdí odi tí a fi ìka wa mọ,
ó wá kó yanrìn ọ̀hún jọ sí igun kan
bí ìyá ọmọ tí ń tọ́jú owó ìkómọ.
"Omi ò jalè," ni Dókítà wí.
"Ohun tó mú níbí, ẹ wá a lọ níwájú."

Ó ní kí kálukú mú odò kan wá,
bó ṣe ga tó lọ́dọọdún, ogún ọdún ó kéré tán.
Mo wá a dé Abẹ́òkúta. Fáìlì kan ni wọ́n gbé fún mi:
ọdún méje péré, aáyán ti jẹ ìdajì ọ̀kan.
Inú mọ́tò ni mo wà, à ń padà bọ̀,
kí n tó rántí òpó.

Òpó apá ọ̀tún, ilé bàbá mi létí ọ̀sà,
igi tí ikán kì í jẹ.
Tí omi bá kún tán nínú oṣù Ọ̀wàrà,
Odùfúwà á fi ọ̀bẹ ẹja ha ìlà kan sí i.
Bí wọ́n bá bímọ lọ́dún náà,
á gbẹ́ ẹja kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Èmi ni ẹja kejì láti ìsàlẹ̀.

Mo na téèpù. Mo ń kà, mo ń kọ.
Ìlà mẹ́rìnléláàádọ́ta.
Mo tún un kà, torí bàbá mi kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn,
ìlà ò sì kú.
Mọ́kànlá tó kẹ́yìn wọ́, wọn ò jinlẹ̀,
bí ẹni fi etí agolo ha á.
Mo yíjú sí ìyá mi.
"Kí lo ń wò? Ṣé ọ̀bẹ ló mọ̀wé ni?"

Mẹ́fà nínú mọ́kànlá náà ga ju gbogbo ti bàbá lọ.
Ti èṣí kan mi ní àyà.
Níbi tí ìwé ti bèèrè ẹni tó wọn omi,
orúkọ méjì ni mo kọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ́ bébà sílẹ̀ lábẹ́ àtùpà,
mo fa ìlà pupa tó ń gòkè fún ìyá mi,
mo ṣàlàyé, mo làágùn.
Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa.
Níbo wá ni ìwé yín ní kí n gbé bẹ́ẹ̀dì mi sí?"

Ìbéèrè yẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wa.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló kù.
Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.