Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Kẹta

Owó ọdún méjì ló kà sí mi lọ́wọ́;
mi ò bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀.
Ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo níbí, ẹni tó bá ti sanwó tán, ọmọlúàbí ni.
Àpò ajílẹ̀ mẹ́rìnlá ló kó wọlé lóru Ìṣẹ́gun kan,
ọkùnrin tí kò ní oko.
Mo yọjú lójú fèrèsé. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."
Mo padà sórí ẹní.
Òwe kòkòrò búburú tí ará ilé ń jẹ,
mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fi kọ́ ọmọ mẹ́fà.

Lẹ́yìn tí ibùdókọ̀ bú gbàmù,
rédíò ní ìjọba ti bá òyìnbó tọwọ́ bọ̀wé,
bàlúù tí kò ní awakọ̀ ń bọ̀
láti ju àdó olóró sí aṣálẹ̀ kan lẹ́yìn ibodè
tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀.
Àdúgbò pàtẹ́wọ́.
Àwọn ọ̀dọ́ pọ́n àdá, wọ́n dojú kọ Sábó,
níbi tí Sáńdà ti ń rán bàtà mi láti ogún ọdún wá.

Bóyá onílé kan wà ní aṣálẹ̀ náà,
òun náà gbowó, òun náà dákẹ́;
ọmọ rẹ̀ tó sùn lábẹ́ bàlúù ńkọ́,
èló ló gbà níbẹ̀?

Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí Sáńdà rán,
mo mú kọ́kọ́rọ́ yàrá kẹta lọ bá ọlọ́pàá.
Sájẹ́ǹtì kọ orúkọ mi.
"Ìgbà wo lẹ rí àwọn àpò yìí, Bàbá?"
Mo ní, "Oṣù kan kó tó bú."
Ó gbé bírò sílẹ̀.
Kò tíì gbé e.