Orúkọ Ìṣubú

Gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbẹ̀rẹ̀kodó, àárọ̀ Sátidé,
fóòmù àlòkù mẹ́sàn-án tí a fi tapólì bò,
òórùn ẹsẹ̀, òórùn ẹfun ìkọ̀wé.
Ọ̀gá Ṣóyòmbọ̀, ọlọ́pàá rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí,
ó ní, "Réì."
Ìkúnlẹ̀ ti fẹ́ bọ́ lẹ́sẹ̀ mi kí n tó rántí
pé níbí, ìbàdí nìkan la fi ń kí ni.

Ẹnu Ẹ̀gbá ló fi ń sọ èdè àwọn ará Japáànì.
Àmùrè funfun yẹn, ó ní obi ni.
Ta ni kò rẹ́rìn-ín? Obì tí à ń pa,
òbí tó san owó kíláàsì,
a so àwọn méjèèjì mọ́ ìdí.
Ẹni tó ń gbé ni ṣubú, ó ní tori ni.
Mo bi í pé, torí kí ni?
Kò dáhùn.
Ó mú apá aṣọ mi, ó fi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ mi láti ẹ̀yìn,
òrùlé yí bìrí,
ó ní, "Òsóto-gàrí."
Orí ilẹ̀ ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn Fadérera:
"Gàrí kẹ̀? Abẹ́òkúta rèé o, láfún la mọ̀."

Bàrau, ọmọ Láfẹ́ńwá, kì í bá wa rẹ́rìn-ín púpọ̀.
Lẹ́yìn kíláàsì, ó wé okùn mọ́ ọwọ́ ọ̀tún,
ó fi dáḿbè hàn wá lábẹ́ igi máńgòrò.
Ọwọ́ tí a wé, máṣì: ọ̀kọ̀.
Ọwọ́ tí a kò wé, gàrkúwa: apata.
Ẹni tó bá fi orúnkún kan ilẹ̀, kísà,
wọ́n ní wọ́n ti pa á.
Òkú yẹn á dìde, á gbọn iyanrìn ara rẹ̀,
á lọ wá omi mu.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé onílà,
èdè kan lápá òsì, èdè kan láàárín.
Apá ọ̀tún ṣófo. Tiwa ni mo fi í sílẹ̀ fún.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé e lọ bá baba bàbá mi ní Ìtòkò.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó ń bó ẹ̀gúsí.
Nígbà èwe rẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè dá a
láti Ìtòkò títí dé Kẹ́mta.
"Baba, kí lẹ ń pe eléyìí,
kí ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀, kí àyà ti àyà?"
Ó ní ẹkẹ ni.
Mo ní mo mọ̀ pé ẹkẹ ni. Orúkọ èyí gan-an ńkọ́?
Ó wo ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ títí.
Ó ní ó lórúkọ. Ó ní Olúgbẹ̀san ló máa ń kígbe rẹ̀,
Olúgbẹ̀san sì ti lọ
láti ọdún tí òjò wó ògiri ẹ̀yìnkùlé.
"Dá la máa ń wí. Mo dá a. Ó tán."
Mo kọ ọ́: dá.
Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé Ẹlẹ́dàá mọ amọ̀, ó fún un nímú,
òun náà la fi ń sọ pé ènìyàn ti padà lọ bá amọ̀.

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ òun gan-an lọ́rùn.
Ó gbé àtẹ ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó ní, "Àwẹ̀ró, dìde."
Ọwọ́ tó gbẹ bí èèpo igi di ìgbánú mi mú.
Mo ń rò ó pé èmi ni n ó rọra dì í mú, kó má baà ṣubú,
àfi ìgbà tí mo rí ewé ìbẹ́pẹ lókè,
àti ojú ọ̀run láàárín ewé náà.
Ẹnu ti gbàgbé. Orúnkún kò gbàgbé.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ bí Ọ̀gá ṣe kọ́ wa,
mo ké, "Maté!"
ìyẹn ni pé ó tó, ẹ dúró, lédè ẹlòmíràn.

Baba ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó na ọwọ́ sí mi.
Ó ní, "O ò tíì tẹ́.
Dìde."